Ẹni Tó Ni Ojú Ló Ni Àwòrán

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti fún un ní mọ́tò. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Cornelius Ajíbádé, ọmọ bíbí Iléṣà, tí í ṣe Alága Àjọ Àgbà-Kàwé ní Òṣogbo ní ọdún 1994. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju kí wọ́n kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò lọ sílé ìwé ní A, B, D. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Olóyè bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Pijó rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ní Alekuwodo á rò pé òun ló ni A, B, D, tó kàn yá gbogbo ayé lò.

Olóyè sanra, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ léra wọn ní ìṣẹ́po mẹ́ta, fìlà rẹ̀ a sì máa gẹ̀ sí apá òsì. Tó bá wọ agbádá, a ká apá òsì lé èjìká, a jẹ́ kí apá ọ̀tún máa wọ́ nílẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè ká a. Ó gba ọkùnrin kan síṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa gbé apá agbádá náà tẹ̀ lé e kiri. Nínú ìwé owó oṣù, Olùrànlọ́wọ́ Àkànṣe Lórí Ìrìn ni wọ́n pe ọkùnrin náà, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tó ń fi apá agbádá bọ́.

Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì náà. Bí Olóyè bá ti lọ sí Iléṣà, dandan ni kí àwọn òṣìṣẹ́ kí fọ́tò náà láràárọ̀: ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Ọlágòkè, akọ̀wé rẹ̀, ló dá àbá yẹn. Ọlágòkè yìí, bí Olóyè bá sín, á ní ọgbọ́n ló jáde. Bí Olóyè bá sùn nínú ìpàdé, á ní kí gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀gá ń ronú.

Ní àsìkò náà, àga kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ṣófo. Olóyè fẹ́ àga yẹn débi pé ó ti ní kí káfíńtà wá wọn ìdí òun. Ọ̀nà tó sì rò pé yóò gbé òun débẹ̀ ni ìwé: ìwé A, B, D tuntun tó kún fún àwòrán, tí wọ́n máa ṣí níwájú aṣojú gómìnà ológun. Bí aṣojú bá fẹ́ràn ìwé, àga dé. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Àpìkẹ́.

Ayàwòrán ni Àpìkẹ́, ọmọ aláró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò ní ọ̀gá, ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn tó ń tẹ̀wé n'Íbàdàn a máa ránṣẹ́ sí i. Kì í fi orí lásán yàwòrán. Tó bá fẹ́ ya alápatà, alápatà àdúgbò rẹ̀ ló máa mú jókòó, á sì ṣèlérí fún un pé bí àwòrán náà bá ń mú nǹkan wá, yóò rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, Ọlágòkè ní kó kúnlẹ̀ kí fọ́tò. Ó wo fọ́tò, ó wo Olóyè tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ń mí ni màá kí," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ fún Olóyè.

Olóyè tú àwọn àwòrán tó kó wá wò lórí tábìlì. Mùyídéènì alápatà wà níbẹ̀ fún Ẹ, ó gbé ẹran lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti fi eegun ṣe ẹran tà fún oníbàárà. Ìbíjọkẹ́ aránṣọ wà nídìí máṣíìnì fún R. Jibril tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà níbẹ̀ fún K, epo dúdú kún imú rẹ̀. Àwòrán náà wọ Olóyè lójú gan-an. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá yin iṣẹ́ ni yóò sanwó rẹ̀.

"Wọn kò burú jù," ó ní. "Báwo lo ṣe fẹ́ kí á ṣe é?"

"Ọ̀nà méjì ni mò ń gbà gbowó, Olóyè. Àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́ ọwọ́ mi. Èkejì, mi ò ta àwòrán, mo ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín láti lò ni. Ìwé yìí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ìwé náà tẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ kó àwòrán mi sí kàlẹ́ńdà, ẹ ó tún rí mi."

"Kí n tún rí ọ? Ṣé oṣù ni ọ́ ni?"

"Tàbí kí ẹ rà á pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìyẹn wọ́n."

Olóyè dìde. Olùrànlọ́wọ́ Lórí Ìrìn sáré gbé apá agbádá.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí," Olóyè bú ramúramù, "ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá dúnàá dúrà? Èmi Ajíbádé, atànmọ́lẹ̀ fún aláìmọ̀wé, alálàyé ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹni tó sọ ọ́! Èmi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbọ́ orúkọ mi tí wọ́n ń tún táì wọn so! Èmi ni ìwọ fẹ́ yá ní bébà bí ẹni ń yá aládùúgbò ní odó?"

"Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń yá!" ni Ọlágòkè ké, kó tó ronú sí ohun tó sọ.

Àpìkẹ́ dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Olóyè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ ò ṣàì mọ ìṣákọ́lẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ní ilẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀wàrà, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin kòkó sí. Wọ́n ń lò ó, wọ́n ń kórè, wọ́n sì ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún yín lọ́dọọdún. Ṣé nítorí pé wọ́n ń lo ilẹ̀ yín, ilẹ̀ ti di tiwọn?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Olóyè ti dáhùn kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Àwọn bébà yìí ni ilẹ̀ tèmi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, àbí? Ẹ ò mọ àwọn ọlọ́lá. Ẹni tó bá ti mọ adùn gbígbà, etí rẹ̀ kì í gbọ́ sísan. Olóyè jókòó padà, ó ní ilẹ̀ ni ilẹ̀, bébà ni bébà, ó sì bọ́ sórí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ kí òun alára wà nínú ìwé náà. A fún Alága. B fún Baba. D fún Dára, kí ojú òun wà lábẹ́ rẹ̀. O fún Olóyè. Ọ fún Ọ̀gá. W fún Wò ó.

"Mo ti ya ajá fún A," ni Àpìkẹ́ wí. "Bí ẹ bá fẹ́ kí n pa á tì kí n ya yín, iṣẹ́ tuntun ni, owó tuntun sì ni."

Ojú Olóyè ranko. "Ojú tí Ọlọ́run fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n wá rà á lọ́wọ́ ọmọ aláró?" Ó gbá tábìlì. Ọgbọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, irú ọgbọ́n tó máa ń bọ́ lé irú wọn lórí. "Gbọ́ ọ kó o gbọ́ ọ yé! Láti òní lọ, ní àjọ yìí, ẹni tó ni ojú ló ni àwòrán!"

Ọlágòkè wólẹ̀. "Há, Olóyè! Ọlọ́run ló rán yín sí wa! Tí Sólómọ́nì bá wà láyé lónìí, òun ni ì bá máa gbé apá agbádá yín!"

Inú bí Àpìkẹ́, ó bí i gidi. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló fi jókòó ti àwọn àwòrán yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró.

"Olóyè, ojú tiyín nìkan ni òfin yìí kàn, àbí gbogbo ojú?"

Ilẹ̀kùn rèé o, ó ṣí gbayawu. Bí Olóyè bá ní "ojú tèmi nìkan," ìtàn mi ti parí, òun náà ì bá sì ti jókòó sórí àga kọmíṣọ́nnà. Ṣùgbọ́n òfin tó kan èèyàn kan ṣoṣo, òfin kékeré ni, Olóyè kì í sì í ṣe kékeré. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Gbogbo ojú!" ó ní. "Gbogbo ojú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, àti ojú tí wọn ò tíì bí!"

"Ayàwòrán ò wá ní nǹkan kan níbẹ̀?"

"Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Gbà á kí o máa lọ."

"Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Olóyè fọwọ́ sí i. Ìlà mẹ́ta ni ó gbà, nítorí oyè rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí Àpìkẹ́ padà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó pe àwọn tó yà jọ síwájú ìsọ̀ Mùyídéènì. "Ẹ forí jì mí," ó ní. "Mo ṣèlérí fún yín, mi ò sì lè mú un ṣẹ. Alága ní kò sí ìṣákọ́lẹ̀ kankan. Ó ní ẹni tó ni ojú ló ni àwòrán."

Mùyídéènì dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹran. "Ta ló wá ni ojú tèmi yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaji."

"Àwòrán mi wá di ti ta?"

Wọ́n wo ara wọn. Ìbíjọkẹ́ aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Jibril ní kí wọ́n lọ bá Alága lọ́la.

"Rárá," ni Mùyídéènì wí. "Màlúù tí ò tíì sanra, a kì í pa á. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ tán, wàláì."

Olóyè ò tilẹ̀ sinmi. Ó ní kí rédíò ka òfin náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé, lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, èyí tí ayàwòrán mìíràn yà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ti A, B, D, O, Ọ àti W, nítorí àtirí iṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ kan sọ pé àgbàlagbà tó ń kọ́ A á tètè mọ ajá ju alága lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé olùkọ́ náà lọ sí abúlé kan tí mọ́tò kì í dé. Olóyè tún mú àwòrán Mùyídéènì, ó fi ṣe kàlẹ́ńdà fún àwọn ọlọ́lá ní sẹkitéríàtì. Kò bi Àpìkẹ́, kò bi alápatà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó ní ẹni tó ń bá a gbé apá agbádá?

Ọjọ́ ìṣíwèé pé. Gbọ̀ngàn kún. Aṣojú gómìnà dé pẹ̀lú aṣọ ológun àti ojú tó ń wo aago. Ọmọ Yorùbá ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Olóyè sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn wà ní ojú fèrèsé ìhà kan títí ó fi dé ìhà kejì. Ó kí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Iléṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlágòkè ló ń darí àtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ológun náà gba ìwé kan fúnra rẹ̀, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì kà á sókè: "Ẹni tó ni ojú ló ni àwòrán. Kí lèyí?"

"Òfin mi ni, sà!" Olóyè fẹ̀ bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí lójijì. "Ọgbọ́n ọ̀tun ni."

Láti ìjókòó ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn, Mùyídéènì dìde. Ó wọ jalabíà funfun tí kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀, ó sì tẹrí ba dáadáa. "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má bínú. Ojú mi wà nínú ìwé yẹn, ní ibi tí Ẹ wà. Mo wá mú un lọ sílé ni."

"Èmi wà ní R," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

"K ni tèmi, sà," ni Jibril wí. Àwọn mìíràn ń dìde lẹ́yìn wọn, gbogbo àdúgbò, oníkálukú pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo. Ọ̀wọ̀ wọn pọ̀ débi pé ó ń dẹ́rù bani.

Ọ̀gá ológun náà yíjú sí Olóyè. "Àwọn wọ̀nyí fún yín láṣẹ láti lo ojú wọn?"

"Sà, wọn ò... òfin náà, ní ìtumọ̀ rẹ̀ tó jinlẹ̀..."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ni òfin náà kàn?"

Olóyè la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ Ọlágòkè lára láti máa parí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó fò dìde, ó na ọwọ́ sókè: "Gbogbo ojú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà!"

Ó sì pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

"Òfin ni òfin," ni ọ̀gá ológun wí. "Ẹ ya á fún wọn."

Ẹ wá wo iṣẹ́. Wọ́n tú ìwé kúrò nínú páálí, wọ́n ń ya á, oníkálukú ń gba ojú rẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń padà sáyè rẹ̀. Yorùbá ọlọ́ṣọ̀ọ́ tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu Olóyè, ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà ló kù. "Ùwé mi o! Ùwé mi ni wọ́n ń ya!" Ojú rẹ̀ wá ṣe kòńgẹ́ Àpìkẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì sáré lọ bá a. Apá agbádá ń wọ́ tẹ̀ lé e, nítorí Olùrànlọ́wọ́ ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń yàwé.

"Ọmọ mi, Àpìkẹ́ mi," ó ní, "sọ fún wọn! Ìwọ lo ni àwòrán! Ìwọ lo yà á! Sọ pé tìrẹ ni, kí o sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Màá san ìṣákọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni màá san án!"

"Olóyè," ni Àpìkẹ́ dáhùn, "ẹ fọwọ́ sí i ní ìlà mẹ́ta pé kì í ṣe tèmi. Ẹ lọ bẹ àwọn onílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n yà á tán, ọ̀gá ológun gbé ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Ó ń kà á ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan: "A, Alága. B, Baba. D, Dára. O, Olóyè. Ọ, Ọ̀gá. W, Wò ó." Ó wò ó lóòótọ́. "Ìwé tí ẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn àgbà ní kíkà rèé? Ojú yín nìkan ló wà níbí. Ta ló sì ni ojú yìí?"

Olóyè fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú náà.

"Ó dára. Ẹni tó ni ojú ló ni àwòrán. Ẹrù yín ni, ẹ kó o. Kí ẹ sì dá owó tí ìjọba fi tẹ̀ ẹ́ padà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn kan náà tó ti ń ka òfin Olóyè lórí rédíò ló kéde pé wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Ọlágòkè gbọ́ ọ, ó sì yọ fọ́tò kúrò lára ògiri kí ìròyìn náà tó parí. Olóyè kó kúrò ní ilé ìjọba tó ń gbé ní Dàda Estate, ó ta ilẹ̀ ọ̀nà Ifẹ̀wàrà láti fi san gbèsè ìjọba, ó sì padà sí Iléṣà pẹ̀lú páálí ìwé tó kún pálọ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀, Julianah, ní láti máa fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹlẹ́pà kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ìwé náà fún òun, kí òun máa fi di ẹ̀pà. Ó lé e jáde. Mi ò ní tàn yín, mo ṣàánú rẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó máa ń jókòó sáàárín páálí yẹn, tí ojú tirẹ̀ ń wò ó láti ibi gbogbo, kò sì sí èyí tó kí i nínú wọn.

Ìyáàfin Ìwàlẹwà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fi sípò alága. Ó pe Àpìkẹ́, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ṣàdéhùn: owó iṣẹ́ ọwọ́, àti ìṣákọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ìwé tẹ̀. Àwọn tó ni ojú náà tẹ̀ka sí i, wọ́n sì ń gba tiwọn lọ́wọ́ Àpìkẹ́. Ìwé tuntun jáde, ó sì dé kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí Julianah ti ń kọ́ni n'Íléṣà. Ó mú ọ̀kan wálé. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì yára wọ yàrá lọ. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Olóyè ṣí i. A, Ajá. B, Bàtà. Ó kọjá Mùyídéènì àti ẹran rẹ̀, ó kọjá Jibril. Nígbà tó dé L, ó dúró.

"L, Lọ," ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Baba ń lọ sílé."

Ọkùnrin sísanra kan ló wà lókè ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn ló kọ sí òǹkàwé. Fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí apá òsì. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ léra wọn ní ìṣẹ́po mẹ́ta. Ó ká apá òsì agbádá lé èjìká, apá ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀ nínú ekuru, kò sì sí ẹnì kankan tó bá a gbé e. Kò sí ọmọdé kan ní Òṣogbo tàbí Iléṣà tí kò mọ ẹni náà.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Olóyè gbé ìwé náà àti òfin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. "Èmi nìyí!" ó ní. "Ẹni tó ni ojú ló ni àwòrán. Mo fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́!"

Lọ́yà ka òfin náà. Ó wo àwòrán, ó wo Olóyè, ó tún wo àwòrán.

"Olóyè," ó ní, "ojú yín dà níbẹ̀?"

Olóyè tẹjú mọ́ àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé yẹn sí òdìkejì, bóyá ojú òun wà níbẹ̀. M ló bá níbẹ̀: Màlúù, ó ń wò ó pẹ̀lú ojú méjèèjì.